Résìn wo ni kí n rà? X4 àbí X8, gẹ́ẹ̀lì àbí oníhò, sìtáírìn àbí àkírílíìkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń bá omi ṣe wàhálà. Résìn ni àwọn hóró kéékèèké tí à ń dà sínú táńkì sọ́fúnnà (ẹ̀rọ tó ń sọ omi líle di rírọ̀) kó lè yọ nǹkan inú omi. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan ò ní pè mí pé "brọ̀dá, résìn wo ló dáa jù?" èmi náà á bi í pé dáa fún kí ni, torí résìn ò kàn dáa lásán, omi tó wà nílẹ̀ ló máa sọ èyí tó dáa. Àwa tí à ń rà á, orúkọ tó wà lára àpò là ń wò, lẹ́yìn náà a béèrè iye owó, ó parí. Ohun tí ẹni tó ń tà á ò sì ní sọ fún ẹ, òun náà lè má mọ̀ ọ́n, ni bí wọ́n ṣe hun inú hóró yẹn. Ìhun yẹn ló ń pinnu áyọ́ọ̀nù (ion, èérún nǹkan tó yọ́ sínú omi tó sì ní ṣáájì) tí résìn máa dì mú àti èyí tó máa jẹ́ kó kọjá lọ. Mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn ní méjì méjì níbí, ó máa gùn díẹ̀, ẹ gbé tíì yín sọ́wọ́.

Kí ló wà nínú hóró yẹn gan-an

Ẹ bu résìn díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Hóró rẹ̀ ò ju iyanrìn lọ, 0.3 sí 1.2 mílímítà, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Tí ẹ bá wò ó ẹ máa rò pé ó gbẹ, irọ́ ni, nínú résìn sọ́fúnnà tí gbogbo wa ń rà, ó kù díẹ̀ kí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ omi. Okùn pọ́límà gígùn gígùn ló lọ́ mọ́ra wọn nínú ẹ̀, sìtáírìn ni wọ́n fi ṣe okùn náà, ìdílé kan náà ni pẹ̀lú fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi tẹ́ inú páálí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Wọ́n á wá so súlfóníìkì mọ́ ara okùn yẹn káàkiri, ìyẹn ni ìjókòó. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní ṣáájì máínọ́ọ̀sì kan (kì í ṣe ṣáájì fóònù o), áyọ́ọ̀nù tó ní ṣáájì pílọ́ọ̀sì ló máa jókòó síbẹ̀. Sódíọ̀mù ló kọ́kọ́ wà lórí ìjókòó nígbà tí ẹ rà á, tí omi líle bá dé, kálísíọ̀mù àti mẹ́gínísíọ̀mù inú ẹ̀ á lé sódíọ̀mù dìde, àwọn á jókòó, ọṣẹ yín á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ okùn yẹn àti súlfóníìkì nìkan ni, gbogbo ẹ̀ á yọ́ sínú omi bíi ṣúgà. Ohun tí ò jẹ́ kó yọ́ ni pé wọ́n fi nǹkan kan tó ń jẹ́ divinylbenzene, DVB ni gbogbo èèyàn ń pè é, di okùn kan mọ́ ìkejì, bí ẹni ń ta kókó àwọ̀n ẹja. Kókó yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí kókó bá pọ̀, ojú àwọ̀n á fún, bó bá kéré, ojú àwọ̀n á fẹ̀.

Résìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe, Adams àti Holmes ló ṣe é ní Teddington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1935, finọ́ọ̀lì àti formaldehyde ni wọ́n sì fi ṣe é. Ti sìtáírìn àti DVB tí gbogbo wa ń lò báyìí, D'Alelio tó wà ní General Electric lÁmẹ́ríkà ló gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún 1944. Látìgbà yẹn, egungun yẹn náà ni, ohun tí wọ́n ń yí padà ni bó ṣe fún tó àti ohun tí wọ́n so mọ́ ọn.

X4, X8, X16: èyí tó dẹ̀ àti èyí tó fún

Tí ẹ bá rí Dowex 50W-X8, orúkọ résìn kan nìyẹn, X8 yẹn túmọ̀ sí pé DVB jẹ́ ìdá 8 nínú 100. X2 dẹ̀ gan-an, X16 fún gan-an. Ẹ wo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ḿbà yìí, Bonner àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló wọ̀n ọ́n lórí Dowex 50 láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n fi lítíọ̀mù ṣe 1, bí nọ́ḿbà bá ṣe tóbi tó ni résìn ṣe fẹ́ràn áyọ́ọ̀nù yẹn tó:

| Áyọ́ọ̀nù | X4 | X8 | X16 |
|---|---|---|---|
| Lítíọ̀mù | 1.00 | 1.00 | 1.00 |
| Sódíọ̀mù | 1.58 | 1.98 | 2.37 |
| Pọtásíọ̀mù | 2.27 | 2.90 | 4.50 |
| Mẹ́gínísíọ̀mù | 2.95 | 3.29 | 3.51 |
| Kálísíọ̀mù | 4.15 | 5.16 | 7.27 |
| Bẹ́ríọ̀mù | 7.47 | 11.5 | 20.8 |

Ẹ mú bẹ́ríọ̀mù àti mẹ́gínísíọ̀mù. Lórí X4, résìn fẹ́ràn bẹ́ríọ̀mù ju mẹ́gínísíọ̀mù lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Lórí X16 ó kù díẹ̀ kó pé ìlọ́po mẹ́fà. Súlfóníìkì kan náà ni o, okùn kan náà ni, kókó nìkan ló pọ̀ sí i.

Kí ló fà á? Gbogbo áyọ́ọ̀nù tó bá wà nínú omi, ó wọ agbádá omi sọ́rùn. Ti lítíọ̀mù àti mẹ́gínísíọ̀mù tóbi, torí àwọn gan-an kéré, ṣáájì wọn sún mọ́ omi, wọ́n á fa omi rẹpẹtẹ mọ́ra. Ti pọtásíọ̀mù àti bẹ́ríọ̀mù kéré. Inú X2 tàbí X4 gbòòrò, kálukú lè wọlé pẹ̀lú agbádá rẹ̀, résìn ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ṣa ẹnì kankan. Inú X16 há, okùn yẹn ń fún omi inú hóró jáde bí ẹni ń fún aṣọ, ẹni tó bá wọ agbádá ńlá ò ní ráyè, yálà kó bọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ tàbí kó dúró síta. Ẹni tó wọ búbá lásán á ti kọjá wọlé. Gregor ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ báyìí lọ́dún 1948, pé hóró dà bíi rọ́bà tó ń fún ara rẹ̀ mọ́ra, ohun tó bá fẹ́ kó wú, ó ń lé e.

Ẹ wá lè sọ pé ṣebí kí gbogbo èèyàn kúkú máa ra X16. Rárá o. Àkọ́kọ́, inú ẹ̀ há débi pé áyọ́ọ̀nù ò tètè wọlé, kò sì tètè jáde, omi tó ń sáré kọjá nínú sọ́fúnnà ò ní dúró dè é. Ìkejì, ẹni tó bá fẹ́ràn àlejò jù, lílé àlejò yẹn jáde á ṣòro. Tí ẹ bá fẹ́ fi omi iyọ̀ fọ résìn kó padà ṣiṣẹ́, ohun tó dì mú gírígírí yẹn á máa gba iyọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ yín, àpò iyọ̀ sì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọjà fi dúró sórí X8 àti X10. X2 àti X4 wà fún àwọn láàbù tó ń ya mólékù ńlá ńlá sọ́tọ̀, kò wúlò fún sọ́fúnnà ilé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Ẹ tún wo sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù nínú tébù yẹn. Ẹ lè máa rò ó pé tí résìn bá fẹ́ràn kálísíọ̀mù tó báyìí, báwo ni iyọ̀ ṣe ń lé e jáde. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ìhun nìkan, ó wà lọ́wọ́ bí omi ṣe ki tó. Nínú omi bóòhólù tí nǹkan inú ẹ̀ kéré, résìn á sáré mú áyọ́ọ̀nù tó ní ṣáájì méjì, bíi kálísíọ̀mù. Nínú omi iyọ̀ tó tó ìdá 10 nínú 100, ìfẹ́ yẹn á wálẹ̀, sódíọ̀mù á pọ̀ bí èrò ọjà, wọ́n á tì í dìde. Ẹni tó ń fi iyọ̀ tó ṣàn bí omi lásán fọ résìn ń fi àkókò ṣòfò ni. Mẹ́gínísíọ̀mù ló tún máa ń kọ́kọ́ jò jáde nígbà tí résìn bá fẹ́ kún, ẹ ti rí ìdí ẹ̀ nínú nọ́ḿbà, 3.29 sí 5.16 lórí X8. Tí ẹ bá rí i pé omi ti ń le díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì le pátá, òun nìyẹn.

X8 àbí X10 fún ilé wá ńkọ́? Mo máa sọ nǹkan tí ojú mi rí. Ilé kan pè mí pé sọ́fúnnà àwọn ò tíì pé ọdún méjì, omi ò sáré mọ́, pọ́ńpù kàn ń kígbe. Mo ṣí táńkì, mo bu résìn, mo fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ hóró kan. Hóró résìn tó péye, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, á kàn yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kò ní rọ̀. Eléyìí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀wà tó jinná jù. Mo béèrè ibi tí omi ń gbà, ó wá jẹ́ pé ẹni tó ń bá wọn ṣọ́ ilé máa ń bu kúlórínì sínú táńkì òkè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún omi kó lè mọ́, ẹnu iṣẹ́ ló wà, sọ́fúnnà sì wà lẹ́yìn táńkì yẹn. Kúlórínì ni ọ̀tá kókó DVB, ó ń gé e díẹ̀díẹ̀. Bí kókó bá ti ń já, X8 á di X6, á di X4, hóró á mu omi, á wú, á rọ̀, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn dí ọ̀nà omi. Ẹni tó ta résìn fún wọn ò kọ X kankan sí rìsíìtì, "résìn sọ́fúnnà" ló kọ. Tí omi yín bá ní kúlórínì, ẹ fi fílítà èédú sí iwájú, tẹ́ ẹ bá sì rówó ẹ̀ ẹ ra X10, kókó tó pọ̀ á pẹ́ kó tó já tán. Tó bá jẹ́ omi bóòhólù lásán tí kò rí kúlórínì rí, X8 ti tó, ẹ fi owó tó kù ra iyọ̀.

Gẹ́ẹ̀lì àti oníhò

Ẹ gbé hóró méjèèjì síwájú gílóòbù. Gẹ́ẹ̀lì, iná á gba inú ẹ̀ kọjá bí ẹni ń wo oyin nínú gíláàsì. Oníhò á ṣú, á dà bí ẹfun, iná ò ní kọjá. Ẹ ò nílò láàbù kankan láti mọ ìyàtọ̀ wọn.

Gẹ́ẹ̀lì dà bí ẹ̀kọ, oníhò dà bí àkàrà. Nínú ẹ̀kọ ẹ ò lè fi ojú rí ihò, omi ló wà káàkiri ara ẹ̀, tí omi bá gbẹ àyè inú ẹ̀ á pa dé. Àkàrà, ẹ ya á sí méjì, ihò wà níbẹ̀, bó tutù bó gbẹ ihò ò lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe oníhò, wọ́n á da nǹkan olómi kan mọ́ sìtáírìn tí kò ní bá wọn di pọ́límà, tí gbogbo ẹ̀ bá ti gan wọ́n á fọ̀ ọ́ jáde, àyè ẹ̀ á di ihò. Kí ihò yẹn má bàa wó, wọ́n ní láti fi DVB púpọ̀ sí ògiri ẹ̀, nígbà mìíràn ó ju ti X8 lọ ní ìlọ́po méjì.

Kí wá ni èyí ṣe sí ṣíṣà? Àárín ògiri oníhò fún, nítorí náà lára ògiri yẹn ó ń ṣa áyọ́ọ̀nù bíi résìn tí kókó ẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ihò ńlá yẹn jẹ́ kí mólékù ńlá, irú èyí tó ń jáde lára ewé jíjẹrà tó ń sọ omi odò di àwọ̀ tíì, lè wọlé kó sì tún jáde. Nínú gẹ́ẹ̀lì, wọ́n á wọlé díẹ̀ wọ́n á há síbẹ̀, ẹ ò ní rí wọn yọ mọ́. Oníhò tún lè fara da kúlórínì, ó lè fara da kí wọ́n máa ti inú iyọ̀ líle jù ú sínú omi lásán léraléra tí kò fi ní fọ́.

Ohun tó ń san fún un ni ẹrù. Ibi tí ihò bá wà, ìjókòó ò sí níbẹ̀. Gẹ́ẹ̀lì X8 máa ń gbé nǹkan bíi 1.9 sí 2.0 eq/L (bí ìjókòó inú lítà résìn kan ṣe pọ̀ tó nìyẹn), oníhò á wà ní nǹkan bíi 1.7, ẹ máa rí i nínú ìwé tó bá àpò wá. Nítorí náà fún sọ́fúnnà ilé lórí bóòhólù, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ra oníhò, àwọn tó ń tà á á sọ pé òun ló "strong" jù, ó strong lóòótọ́ ṣùgbọ́n omi yín ò lù ú. Iléeṣẹ́ tó ń fa omi odò, tàbí tó ń fọ résìn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ásíìdì, àwọn yẹn ló yẹ.

Súlfóníìkì lórí sìtáírìn àti kábọ́sílíìkì lórí àkírílíìkì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Résìn tí àkírílíìkì jẹ́ egungun ẹ̀, tí kábọ́sílíìkì jẹ́ ìjókòó ẹ̀, nǹkan bíi 4 eq/L ló ń gbé, ìlọ́po méjì ti súlfóníìkì. Ẹni tó bá kàn wo nọ́ḿbà yẹn á rà á, á gbé e sínú sọ́fúnnà, á da omi sí i, kò ní rí nǹkan kan.

Ìdí ni pé kábọ́sílíìkì fẹ́ràn háídírójìn ju gbogbo ẹlòmíì lọ, tí háídírójìn bá ti jókòó tán, kálísíọ̀mù ò lè lé e dìde àyàfi tí baikábọ́néètì bá wà nínú omi tó máa gba háídírójìn yẹn lọ. Nítorí náà líle tí baikábọ́néètì bá wá ló lè mú, líle tí súlféètì tàbí kílóráìdì bá wá, á jẹ́ kó kọjá. Omi tó ti kan tẹ́lẹ̀, irú èyí tó pọ̀ nínú iyanrìn etí òkun wa l'Ékòó, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n omi tó ti inú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì jáde, bíi ti apá Ewékorò àti Ṣàgámù, baikábọ́néètì àti kálísíọ̀mù ló ń rìn pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni résìn yìí ti ń jẹ ọ̀gá. Iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò àti àwọn tó ní bọ́ílà ńlá fẹ́ràn ẹ̀, torí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ò ju iye tí ìjókòó ẹ̀ nílò gan-an lọ púpọ̀, nígbà tí súlfóníìkì máa ń gba iyọ̀ tàbí ásíìdì ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú táńkì o. Àkírílíìkì yìí ń wú gan-an tó bá ti háídírójìn bọ́ sí sódíọ̀mù, ó lè fi ju ìdajì lọ tóbi sí i. Mo ti rí táńkì fáíbà tó là láti ìsàlẹ̀ dókè nítorí pé wọ́n kún un dé ọrùn.

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: irú egungun rírọ̀ yìí náà ni wọ́n fi ń fa streptomycin jáde látinú omi tí wọ́n ti pọn ọ́n, Amberlite IRC-50 ni orúkọ èyí tí wọ́n lò, torí mólékù oògùn yẹn tóbi, ó sì fẹ́ ibi tí kò le jù láti jókòó.

Náítírétì: ìjókòó tó sún mọ́ra àti ìjókòó tó jìnnà síra

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Títí di báyìí à ń sọ̀rọ̀ nípa résìn tó ń mú pílọ́ọ̀sì. Èyí tó ń mú máínọ́ọ̀sì, egungun sìtáírìn kan náà ni, ìjókòó ẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀ sí nàítírójìn tó ní apá mẹ́ta.

Kànga tí ò jìn tó wà nítòsí sọ́kàwéè, náítírétì ni wàhálà ẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹ sè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní lọ, kódà á tún ki sí i ni torí omi ló ń fẹ́ lọ. Ìwọ̀n omi mímu nílẹ̀ Nàìjíríà àti ti WHO ò gbà kó ju 50 mg/L lọ, nítorí ọmọ ìkókó tí wọ́n fi irú omi yẹn po wàrà fún, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè máà gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, ara ẹ̀ á máa ṣú bí aró.

Ẹ wá lọ ra résìn ánáyọ́ọ̀nù (èyí tó ń mú máínọ́ọ̀sì yẹn) lásán, Type I, apá mẹ́ta kéékèèké, méthílì ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ń mú náítírétì dáadáa. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tò wọ́n ni pé súlféètì ni ààyò, lẹ́yìn ẹ̀ náítírétì, lẹ́yìn ẹ̀ kílóráìdì, lẹ́yìn ẹ̀ baikábọ́néètì. Súlféètì tó ń wọlé lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í lé náítírétì tó ti jókòó dìde, gbogbo èyí tí résìn ti kó jọ á tú jáde pọ̀, omi tó ń jáde á wá ní náítírétì ju omi tó ń wọlé lọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀rọ tí ẹ fi owó rà, òun ló wá ń fi nǹkan burúkú kún omi ọmọ. Ẹni tí ò bá wọn omi ẹ̀ déédéé ò ní mọ̀.

Résìn tí wọ́n ṣe fún náítírétì, wọ́n kàn yọ apá kékeré mẹ́ta yẹn, wọ́n fi apá tó sanra rọ́pò ẹ̀, ẹ́thílì mẹ́ta tàbí bútílì mẹ́ta. Ó tán. Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́: súlféètì ní ṣáájì méjì, ìjókòó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bíi ẹni tó sanra tó sọ fún kọ̀ńdọ́ pé òun máa san owó àga méjì nínú dánfó. Tó bá jẹ́ pé apá tó sanra ti ti àwọn ìjókòó jìnnà síra, àga kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn dẹrẹ́bà, ibo ló máa jókòó sí? Náítírétì tó ń gba àga ẹyọ kan ò ní ìṣòro. Apá tó sanra yẹn ò sì fẹ́ràn omi, náítírétì tí agbádá omi ẹ̀ ò tóbi á rí i bá gbé, súlféètì tó wọ agbádá ńlá á kọ̀. Ètò á wá yí padà, náítírétì á ga ju súlféètì lọ. Tí résìn bá kún, súlféètì ló máa kọ́kọ́ jáde, náítírétì á dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ máa san nǹkan kan. Type I ń gbé 1.3 sí 1.4 eq/L, oní-ẹ́thílì máa ń wà ní nǹkan bíi 0.9 sí 1.0, torí apá yẹn ti gba àyè. Oní-bútílì tún ń ṣa náítírétì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù ẹ̀ tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lọ́ra. Tí súlféètì omi yín bá kéré, tí ẹ sì ń fọ résìn kó tó kún, Type I lásán lè ṣe é, ó sì pọ́ọ́kú. Tó bá jẹ́ omi ilé tí ọmọdé wà, tí kò sẹ́ni tó máa wọn ọ́n lóṣooṣù, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, oní-ẹ́thílì ni.

Type II wà náà, apá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ ní ọtí lẹ́nu, ó rọrùn láti fọ̀ ju Type I lọ ṣùgbọ́n kò fara da ooru. Àwọn tó ń yọ gbogbo nǹkan inú omi pátá ló ń rò ó, kò kan náítírétì.

Tí omi bá ní àwọ̀ tíì

Fún résìn ánáyọ́ọ̀nù, egungun gan-an tún lè jẹ́ sìtáírìn tàbí àkírílíìkì. Sìtáírìn kún fún òrùka bẹ́ńsìnnì, ìdọ̀tí ewé inú omi odò náà kún fún òrùka bẹ́ńsìnnì, wọ́n á rí ara wọn wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, iyọ̀ ò ní lè yà wọ́n. Àkírílíìkì ò ní òrùka yẹn, ó fẹ́ràn omi, ìdọ̀tí á wọlé á sì tún jáde nígbà tí ẹ bá fi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń fa omi odò tó pọ́n, kó lo àkírílíìkì, ẹni tó ń fa omi ilẹ̀ tó mọ́, sìtáírìn ló ń pẹ́ jù, ó sì ń fara da ooru jù.

Àwọn tó ń fi apá méjì di nǹkan mú

Èyí ò kan ilé, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá so iminodiacetic mọ́ sìtáírìn, ó máa ń di irin mú bí alákàn ṣe ń fi èékánná méjì gbá nǹkan mú, bàbà ló fẹ́ràn jù, kálísíọ̀mù wà lábẹ́, sódíọ̀mù wà nílẹ̀ pátápátá. Òun ló ń yọ kálísíọ̀mù tó ṣẹ́kù nínú omi iyọ̀ tó ki, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kúlórínì àti sódà, níbi tí súlfóníìkì lásán ò lè ṣe nǹkan kan torí sódíọ̀mù ti pọ̀ jù. Èyí tó ní N-methylglucamine lórí, tó jọ ṣúgà, bóróọ̀nù nìkan ló ń wá kiri, àwọn ìlú tó ń sọ omi òkun di omi mímu ló ń rà á.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ pé irin (iron) inú omi ló ń mú kí bákẹ́ẹ̀tì yín pọ́n, ẹ má tíì ra résìn. Ìwọ̀n Nàìjíríà ò gbà kí irin ju 0.3 mg/L lọ, bóòhólù Èkó tó ń ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀. Résìn X8 lè mú èyí tó ṣì yọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n tó bá ti rí afẹ́fẹ́ tó sì di ìpẹtà, á bo ara hóró, á wọ ihò oníhò, ṣíṣà ò sí mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi gba afẹ́fẹ́ kọ́kọ́, ẹ fi iyanrìn sẹ́ ìpẹtà, kí résìn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè iye X. Tí kò bá mọ̀, ẹ ní kó fi ìwé tó bá a wá hàn yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ iye omi inú hóró sí. Gẹ́ẹ̀lì X8 tó jókòó pẹ̀lú sódíọ̀mù máa ń wà láàárín ìdá 44 sí 48, X10 á wà ní nǹkan bí ìdá 40 sí 43. Tó bá ti ju 50 lọ, híhun ẹ̀ ti dẹ̀, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sára àpò. Ẹ tẹ hóró kan láàárín ìka. Ẹ gbé e síwájú iná.

Tí àpò bá ti ya, tí oòrùn ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù sì ti gbẹ résìn inú ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ má da omi lásán lé e lórí, á wú lójijì hóró á sán. Omi iyọ̀ tó ki ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí, kó sùn mọ́jú, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi omi là á díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e sínú táńkì.